Èémí Inú Wa: Ẹ̀kọ́ Tí Kò Gbọdọ̀ Parí Fún Àwọn Tí Ń Tọ́jú Ẹ̀dọ̀fóró

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn aṣojú ìjọ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa sọ, nípa àwọn ará tí ń ṣòwò ní ọjà Kantamanto, ní Accra

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ èémí. Ìwé Mímọ́ fi yé wa pé amọ̀ lásán ni ènìyàn jẹ́ títí Ẹlẹ́dàá fi fún un ní èémí. Àwọn baba wa pẹ̀lú mọ èyí dájú, nítorí nígbà tí ènìyàn bá kú, wọn a ní ó ti gbẹ́mìí mì. Nítorí náà, ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ènìyàn, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí, ìbáà ṣe ẹni tí ń ta oògùn ní kẹ́mísì, ohun tí ó ti ọwọ́ Ọlọ́run wá gan-an ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi yé yín lónìí ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ní ìgbà èwe ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀ láì tún ẹ̀kọ́ náà kọ́. Ẹ̀kọ́ a máa gbó bí aṣọ ti ń gbó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àjèjì sí àwa ìjọ Aládùúrà. Ní ọdún 1918, ajàkálẹ̀ àrùn kan tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní lùkúlùkú gba orí omi wọ ilẹ̀ yìí. Ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé e dé Cape Coast àti Accra ní ìparí oṣù kẹjọ àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Kí oṣù kẹsàn-án náà tó parí, ó ti dé Èkó pẹ̀lú. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ìtàn ni pé bíi 100,000 ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó kú ní Gold Coast, tí ó sì tó bíi 500,000 ní Nàìjíríà. Ẹ̀dọ̀fóró ni àrùn náà kọlù. Òtútù àyà tí ń tẹ̀lé e ni ó sì pa púpọ̀ nínú àwọn tí ó kú. Nígbà náà ni J. B. Sadare, Sophia Odunlami àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn péjọ sí àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ àdúrà náà sì di ọ̀kan nínú àwọn gbòǹgbò tí ìjọ Aládùúrà ti hù jáde. Bí a bá wò ó dáadáa, àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni ó lé àwọn baba wa wọ inú yàrá àdúrà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé ní ọdún 1918, kò sí oògùn kankan láyé tí ó lè pa kòkòrò òtútù àyà. Ọdún 1928 ni Alexander Fleming tó ṣàkíyèsí ohun tí a fi ṣe penisilíìnì, ó sì tó ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà kí oògùn náà tó dé ọwọ́ aláìsàn. Lónìí, Ọlọ́run ti ṣí ilẹ̀kùn tí a tì nígbà náà. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí a ti ṣí tí ó sì kọ̀ láti wọlé, kò lè sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni òun ń tẹ̀lé.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Kantamanto. Ọjà yìí wà ní àárín gbùngbùn ìlú Accra, lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́. Aṣọ òkìríkà ni wọ́n ń tà níbẹ̀, èyí tí àwọn Akan ń pè ní obroni wawu, ìyẹn ni aṣọ òyìnbó tí ó ti kú. Ẹgbẹ́ Or Foundation, tí ń bá àwọn ará ọjà náà ṣiṣẹ́, ṣírò pé bíi 15 mílíọ̀nù ẹyọ aṣọ ni ó ń wọ ibẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, àti pé bíi 30,000 ènìyàn ni ó ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn níbẹ̀: àwọn tí ń tú ìdì, àwọn tí ń rán, àwọn tí ń pa á láró, àwọn tí ń lọ̀ ọ́, àti àwọn ọmọbìnrin alábàárù tí a ń pè ní kayayei. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ti apá àríwá Ghana wá; ìdì aṣọ tí wọ́n ń gbé lérí lè wọ̀n tó kílógíráàmù 55. Yorùbá ti ń ṣòwò ní Accra láti ayé àwọn baba wa. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ oṣù kọkànlá ọdún 1969 lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àjèjì kúrò ní Ghana, òwò kò gbàgbé ọ̀nà, àwọn ènìyàn wa sì tún wà láàárín àwọn tí ń ná ọjà náà.

Kí ni ẹ̀dọ̀fóró ń rí níbẹ̀? Nígbà tí a bá la ìdì aṣọ, eruku àti òwú wẹ́wẹ́ a gbọ̀n jáde sí ojú àti imú ẹni tí ó là á. Ìsọ̀ súnmọ́ ìsọ̀, ọ̀nà há, afẹ́fẹ́ kò sì ráyè kọjá. Èédú ń jó lábẹ́ ìkòkò oúnjẹ, èédú ń jó nínú àwọn irin ìlọṣọ. Aṣọ tí kò tà a di ilẹ̀ tí a dà sí etí omi Korle àti sí etí òkun, wọn a sì dáná sun òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú aṣọ òde òní ni ó sì jẹ́ ike tí a sọ di òwú, tí èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dá. Lẹ́yìn èyí ni iná tí ó sọ ní òru ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, tí ó jó apá tí ó pọ̀ jù nínú ọjà náà. Kí eérú tó tutù tán ni àwọn ọlọ́jà ti padà síbẹ̀ láti tún ìsọ̀ wọn kọ́, nítorí ebi kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Eruku tí ó tóbi a máa há sí imú àti ọ̀fun, ikọ́ a sì gbé e jáde. Nítorí èyí ni Ọlọ́run fi dá ikọ́. Ṣùgbọ́n èéfín kúnná ju eruku lọ. Ó ń wọlé títí dé inú àwọn àpò kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́, ó ń bà wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní dun ẹni náà títí ibi tí ó bàjẹ́ yóò fi pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín inú ilé nìkan ni ó fa ikú 3.2 mílíọ̀nù ènìyàn ní ọdún 2020. Níbi tí ènìyàn bá sì há mọ́ra láìsí afẹ́fẹ́, bí ẹnìkan bá ní ikọ́ ife tí ó ń wúkọ́, ó rọrùn fún kòkòrò rẹ̀ láti inú ẹni kan bọ́ sínú ẹlòmíràn.

Wàyí o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin tí ń ta oògùn nínú ìjọ wa, ẹ̀yin gan-an ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kí alábàárù tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀dọ̀ yín ni yóò kọ́kọ́ yà. Ẹ jẹ́ kí a fi àrùn mẹ́ta hàn yín, bí ẹ̀kọ́ lórí wọn ti yí padà láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ tí ó wà lọ́wọ́ yín ṣì ń múná tàbí ó ti kú.

Èkínní ni òtútù àyà àwọn ọmọdé. Ní ọdún 2019, ó pa ọmọ 740,180 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún káàkiri ayé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n kò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi. Kí ó ká aṣọ àyà ọmọ náà sókè nígbà tí kò sunkún, kí ó sì ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì bá mí tó ìgbà 60, bí ọmọ oṣù méjì sí oṣù mọ́kànlá bá mí tó ìgbà 50, bí ọmọ ọdún kan sí márùn-ún bá mí tó ìgbà 40, èémí náà ti yá jù. Bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọnú bí ó ti ń mí, ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ le. Ní àtijọ́, a kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé gbogbo ọmọ tí àyà rẹ̀ ń wọnú ni kí a dá dúró sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́. Láti ọdún 2014, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé bí ọmọ náà bá ju oṣù méjì lọ, tí kò sì ní àmì ewu, amọsilíìnì tí a ń gbé mì lè wò ó sàn nílé, pẹ̀lú àbẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè mu omi tàbí ọmú, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ó bá ń sùn tí kò lè jí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní wàràwàrà. Ẹni tí kò gbọ́ ìlànà yìí yóò lé ọmọ tí ìbá tọ́jú nílé lọ sí ibi tí owó ìyá rẹ̀ kò ká, tàbí kí ó dá ọmọ tí ó yẹ kí ó sáré gbé lọ dúró sílé.

Èkejì ni ikọ́ sémìísémìí, tí a ń pè ní ásímà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oògùn àfàsímú tí ń la ọ̀nà èémí ní kíákíá ni aláìsàn fi ń dá ara rẹ̀ lójú. Bí àyà bá ti fún un, a fà á símú, ara a sì tù ú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019, ìgbìmọ̀ GINA, tí ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ásímà fún gbogbo ayé, sọ pé kí a má ṣe fi oògùn yẹn nìkan tọ́jú àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ń la ọ̀nà èémí fún ìgbà díẹ̀, kò sì pa iná wíwú tí ó wà nínú ọ̀nà náà. Aláìsàn yóò máa rò pé ara òun ti yá, nígbà tí àrùn náà ń dàgbà lábẹ́lẹ̀, títí ọjọ́ kan yóò fi kọlù ú lójijì. Oògùn àfàsímú tí ń pa wíwú náà ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ń ta oògùn, ẹ rántí pé ẹni tí ń padà wá ra àfàsímú ìtura lọ́dọ̀ yín ní gbogbo ìgbà kì í ṣe oníbàárà rere lásán. Ẹni tí ó wà nínú ewu ni. Ẹ darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ dókítà.

Ẹ̀kẹta ni ikọ́ ife. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Láti ọdún 1882 tí Robert Koch ti rí kòkòrò náà, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ni a fi ń wá a, kòkòrò púpọ̀ sì ń fi ara pamọ́ fún awò náà. Ní ìparí ọdún 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀rọ GeneXpert, tí ń fi kòkòrò náà hàn láàárín wákàtí méjì, tí ó sì ń sọ bóyá rifampicin, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí ó lágbára jù, ṣì lè pa á. Oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú tí a mọ̀ jù. Oògùn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ní Ghana àti ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì ara yóò ti yá, ikọ́ yóò ti dáwọ́ dúró, ènìyàn a sì fẹ́ padà sí ọjà. Níbẹ̀ ni ewu wà, nítorí ẹni tí ó bá dá oògùn dúró ní agbedeméjì ń kọ́ kòkòrò náà bí yóò ti borí oògùn.

Àwọn kan lè bèèrè pé, ǹjẹ́ nọ́ọ̀sì ìlú kékeré lè kọ́ ohun tuntun tí ó jinlẹ̀? A ní ìdáhùn láti Ghana gan-an. Àwọn onímọ̀ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera bí a ti ń lo ẹ̀rọ CPAP, èyí tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú ọmọ láìdáwọ́ dúró, kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ má bàa padé. Wọ́n dán an wò fún ọmọ tí ó lé ní 2,000 ní ilé ìwòsàn Mampong àti ti Kintampo, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Láàárín gbogbo àwọn ọmọ náà lápapọ̀, a kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ikú dín kù. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún kan, bíi 7 nínú 100 ni ó kú níbi tí kò sí ẹ̀rọ, bíi 3 nínú 100 sì ni ó kú níbi tí ó wà. Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, nínú iṣẹ́ kan tí a ṣe ní ilé ìwòsàn 12, wọ́n fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ọmọ ní ìka láti mọ bí atẹ́gùn ọ́síjìn ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn bí a ti ń lò ó. Láti ìgbà náà ni ọ́síjìn ti túbọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó nílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Ní Malawi, a lo irú ẹ̀rọ CPAP yìí ní ilé ìwòsàn àgbègbè kan níbi tí dókítà kì í ti í ṣe àbójútó lójoojúmọ́. Àbájáde tí ó jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé ikú pọ̀ láàárín àwọn tí a fi ẹ̀rọ náà tọ́jú ju àwọn tí a fún ní ọ́síjìn lọ́nà ti tẹ́lẹ̀: 17 nínú 100 sí 11 nínú 100. Kí ni èyí kọ́ wa? Ẹ̀rọ kọ́ ni oníwòsàn. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan kò tó. Ẹ̀kọ́ tí ń bá a lọ, pẹ̀lú olùkọ́ tí ń bẹ̀ wá wò, ni ó ń sọ irin di ìwòsàn. Nítorí èyí ni òfin Ghana ti ọdún 2013 lórí àwọn iṣẹ́ ìlera fi dá àwọn ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí ń béèrè pé kí dókítà àti nọ́ọ̀sì máa fi ẹ̀rí hàn pé àwọn ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, kí a tó tún ìwé àṣẹ wọn ṣe.

A mọ̀ pé ìbéèrè kan wà lọ́kàn àwọn àgbà. Wọn yóò wí pé, ìjọ àdúrà ni wá. Bí a bá ń rán àwọn ọmọ wa lọ kọ́ nípa oògùn, ṣé kì í ṣe pé a ń rẹ ìgbàgbọ́ sílẹ̀? Ìbéèrè rere ni, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀gàn dá a lóhùn. Àwọn àgbà wọ̀nyí ti rí ohun tí àdúrà ṣe, àwa náà sì ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé oníṣègùn ni Lúùkù tí ó bá Pọ́ọ̀lù rìn, Pọ́ọ̀lù kò sì sọ fún un pé kí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ nù. Nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ fi ọdún kún ọjọ́ ayé Hesekáyà ọba, wòlíì tí ó mú ìhìn náà wá ni ó tún ní kí a fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú egbò rẹ̀. Ẹnu kan náà ni ó sọ àsọtẹ́lẹ̀ tí ó sì sọ oògùn.

Níhìn-ín ni a ó ti sọ ọ̀rọ̀ tí ó korò. Bí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe wòlíì tàbí aríran, bá sọ fún ẹni tí ń lo oògùn ikọ́ ife pé kí ó dá a dúró nítorí ààwẹ̀ tàbí nítorí ìran, kì í ṣe aláìsàn náà nìkan ni ó ń pa lára. Ó ń ṣe ìyàwó rẹ̀ ní ibi, àti ọmọ tí ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ẹni tí ó jókòó tì í nínú ilé Ọlọ́run. Bákan náà ni kò yẹ kí a ti ọmọ tí ń mí hẹlẹhẹlẹ mọ́ inú yàrá tí tùràrí ti ń rú. Èéfín ni èéfín ń jẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró, láìka ohun tí a fi í ṣe sí. Kí a gbàdúrà fún ọmọ náà ní ìta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí a sì gbàdúrà náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run kì í tijú láti bá wa wọ ọkọ̀.

Nítorí náà, a bẹ ìpàdé ńlá yìí pé kí ó gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí yẹ̀wò. Kí gbogbo nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti olùtà oògùn tí ó wà nínú ìjọ wa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka wọn, kí ìjọ sì máa ran àwọn tí kò ní owó lọ́wọ́ láti lọ sí ẹ̀kọ́ ìmúdọ̀tun lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán lọ́dún. Kí gbogbo ilé ìgbẹ̀bí àti ilé ìtọ́jú ìjọ ní aago tí a fi ń ka èémí ọmọ, àti ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ọ́síjìn ní ìka, pẹ̀lú ẹni tí a ti kọ́ ní ìlò rẹ̀. Kí a pàṣẹ ní gbangba pé kò sí òjíṣẹ́ kan tí ó ní àṣẹ láti dá oògùn aláìsàn dúró. Kí àwọn ẹ̀ka wa ní Accra yan ọjọ́ kan nínú oṣù, kí àwọn olùtọ́jú tọ àwọn ará Kantamanto lọ ní ìsọ̀ wọn, kí wọ́n sì bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ olúkúlùkù: ìwọ ń wúkọ́ bí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó? Ẹni tí ó bá dáhùn pé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n mú un dé ibi àyẹ̀wò, kí wọ́n má ṣe júwe ọ̀nà fún un lásán.

Ilé ìwòsàn Korle Bu, tí a ṣí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 1923, kò jìnnà sí ọjà náà. Omi Korle ni ó wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà a máa jìn fún ẹni tí ìdì aṣọ wà lórí rẹ̀, tí kò mọ ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, tí ó sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá lọ fún ọjọ́ kan, ẹlòmíràn yóò gba iṣẹ́ òun. Ìjọ ni ó lè sọ ọ̀nà yìí di kúkurú, nítorí ìjọ mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ilé rẹ̀, ó sì lè bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí a má ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àìsàn.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ. Ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lákọ̀ọ́túnkọ́ nítorí ẹlòmíràn ti ṣe iṣẹ́ ìsìn tí kò kéré sí ti ẹni tí ó dúró lórí àga ìwàásù. Kí Ọlọ́run tí ó fún wa ní èémí ṣọ́ èémí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú eruku àti èéfín. Kí ó fún àwọn olùtọ́jú wa ní ọkàn tí kì í sú láti kẹ́kọ̀ọ́. Kí ó sì fún ìpàdé yìí ní ìfẹ́ láti ṣe ohun tí ó ti gbọ́. Àmín.